Ojú Tó Rí Sàréè Ọmọ Mi Ni Mò Ń Tọ́jú

Mo jókòó ti ọkọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń wò ó níbi tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tó kọjú sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, mi ò sì yí i padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun Àyìlá tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa títí tí ládàánì fi pe ti Alásàrí, mo kàn ń wò ó ni. Ẹ̀yin ará pèéjì yìí, ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, mo ti sọ ọ́. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín, mi ò wá gba ìbáwí, àmọ́ tí ìbáwí bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi sí i, etí mi ti le. Ádímíìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, nítorí àwọn ọmọ mi wà lórí pèéjì yìí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ìka kan ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ ẹ bá rí ibi tí kò gún, ẹ fojú fò ó. Màá dárúkọ àwọn tó ti kú, nítorí òkú kì í wo fóònù, mo sì rántí orúkọ gbogbo wọn. Àwọn tó wà láyé, mi ò ní dárúkọ wọn... wọ́n á dá ara wọn mọ̀.

Káfíńtà ni bàbá àwọn ọmọ mi. Òkè-Ògùn la ti wá, Kétu ní Èkó la ti di àgbà, ibẹ̀ náà la ti bí gbogbo ọmọ. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ìṣó ló ta sí i níbi tó ti ń kan òrùlé ilé kan ní Ìkòsí nígbà tí orí mi ò tíì hewú. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù, òun náà ló fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Á di pátákó mú, á fi ojú kan yẹn wò ó láti ìdí dé orí, á ní ibí yìí wọ́ díẹ̀, kì í sì í tàsé. Ọdún yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé nǹkan dúdú kan ń fò níwájú òun bí eṣinṣin, á fọwọ́ lé e, kò lọ. Lẹ́yìn náà ó ní mànàmáná ń kọ nínú ojú òun nígbà tí òun bá wọ yàrá tó ṣókùnkùn. A ní ọjọ́ orí ni. Ẹnì kan ní kí n máa kán oyin sí i, ẹlòmíì ní kí n lọ gba omi àdúrà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ń mu ògì lọ́wọ́, ló bá béèrè pé ta ló fa kọ́tìnnì bo ẹ̀gbẹ́ ojú òun. Kò sí kọ́tìnnì níbẹ̀.

Ọmọ wa ọkùnrin ló gbé wa lọ sí ọsibítù ojú. Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò, ó kéré bí ọmọ ọmọ mi, àmọ́ ó ní sùúrù. Ó ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn nínú ojú, òun ló ń bá wa mú àwòrán ohun tí à ń rí, awọ náà ló ti ṣí kúrò lára ibi tó lẹ̀ mọ́. Bàbá ní ṣé bí ìgbà tí fọmíkà bá ṣí lára tábìlì? Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Daddy. Ó ní wọ́n á lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n á wá fẹ́ gáàsì díẹ̀ sínú ojú náà kó lè máa ti awọ yẹn mọ́ àyè rẹ̀ títí tí yóò fi mú. Bàbá ní ó yé òun, kíláǹpù nìyẹn, èèyàn kì í tú kíláǹpù kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ. Dókítà wá ní ibi tó le níbẹ̀ ni pé gáàsì máa ń gòkè ni, tó bá máa rí ẹ̀yìn ojú tì, àfi kí aláìsàn dojú bolẹ̀. Tó bá ń jẹun, kó dojú bolẹ̀. Tó bá ń sùn, kó dojú bolẹ̀. Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́, gáàsì á kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, awọ náà sì lè tún ṣí. Ó yíjú sí mi, ó ní Mummy, ọwọ́ yín lojú yìí wà o. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń ka ìyókù... ọwọ́ mi lojú yẹn wà.

Kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó fi ojú tó ń kú lọ yẹn kan bẹ́ńṣì gígùn kan fún ara rẹ̀. Ó gbẹ́ ihò róbótó síbi tí orí máa wà, èmi bá a fi fọ́ọ̀mù àti ìró mi kan tó ti gbó wé etí ihò náà kó má bàa ha á lójú. Nígbà tá a padà délé, orí bẹ́ńṣì yẹn ló ń dùbúlẹ̀ sí látàárọ̀, á fi àyà àti ikùn lé e, ojú rẹ̀ á yọ nínú ihò, á máa wo ilẹ̀. Mo gbé dígí kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kó lè máa rí ẹni tó bá wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ bàìbàì. Sítírọ́ọ̀ ló fi ń mu ògì. Èmi ni mò ń kán oògùn sí i lójú, èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, èmi ni mò ń fi róòbù ra ọrùn rẹ̀ tó bá ti gan. Tá a bá fẹ́ sùn, màá fi ọ̀já so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tèmi kí n lè mọ̀ tó bá fẹ́ yí padà. Ó máa ń sọ fún mi pé òun ń rí gáàsì náà bó ṣe ń mì lójú òun bí omi inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì táwọn bíríkìlà fi ń wo ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ìyá kan nínú kọmpáàǹdù wa á wọlé, á ní Ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹ jayé o, ọkọ ń dọ̀bálẹ̀ kí yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá á dá a lóhùn láti abẹ́ bẹ́ńṣì, á ní kò sẹ́ni tóun ń kí, tọ́rọ́ kan ló bọ́ lọ́wọ́ òun tóun ń wá a. A ó rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i pé mo ṣì ń bá a rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ó yẹ kí n wá sọ ti Sàlìmọ́tù. Àkọ́bí wa ni. Tó bá wà láyé, òun náà ì bá ti máa kó ọmọ ọmọ wá kí mi lọ́dún. Ibà ló ṣe é, kò ju ibà lọ, ara gbóná, ó ń béèrè omi ṣáá, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣùkú ni, orí mi ló fi ń kọ́ ọ, ìdajì orí mi ṣì wà ní dídì nígbà tó kú, mi ò tú u títí ó fi tú fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn àgbà ní tí ìyá bá mọ ojú oórì ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ tó kù á sì jìyà. Ìyá Ràbí àti Àǹtí Sìkírá tá a jọ ń gbé ilé ló dì mí mú nínú yàrá. Mo ya Ìyá Ràbí léèékánná títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, kò tú mi sílẹ̀. Álúfà Mùdáṣírù ló kírun sí ọmọ náà lára, Làmídì àti Kàmọ́rù, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ló gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá ọmọ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ọkùnrin ti mú un lọ sílé Alhaji Búsárì ní iwájú ilé wa, wọ́n ní wọ́n ń ṣọ́ òun náà bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ mi. Nígbà tó máa wọlé nírọ̀lẹ́, lẹ́búlẹ́bú pátákó wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbọ̀n ọ́n kúrò. Mo rò pé ó sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ sunkún ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni àánú ṣe.

Láti ìgbà náà ni wọn ò ti pè mí ní Ìyá Sàlìmọ́tù mọ́. Orúkọ ọmọ tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi ń pè mí, ẹni tó bá ṣèèṣì pe ti àkọ́kọ́, wọ́n á fojú bá a wí. Àmọ́ mo bi ọkọ mi. Mo bi í nígbà tí mo wà nínú oyún èkejì, mo bi í nígbà tá a kó wá sílé tá a wà yìí, mo bi í lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ̀ tán, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n gbé ọmọ mi sí, mi ò ní lọ síbẹ̀, kí n ṣáà mọ̀ ni. Ìdáhùn kan náà ni: òun ò mọ̀, wọn ò jẹ́ kí òun mọ̀, òbí ni òun náà. Mo lọ bá Làmídì. Mo kúnlẹ̀ fún un ní Mile 12, níbi táwọn alábàárù ti ń já àpò àlùbọ́sà, àwọn èèyàn ń wò mí. Làmídì wò mí títí, ó ní kí n lọ bi ọkọ mi. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ṣépè fún un níbẹ̀. Mi ò kí i mọ́ títí ìtọ̀ ṣúgà fi pa á, mi ò yọjú síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kí mi lọ́jà, mo kọjú síbòmíì. Òótọ́ ni Làmídì sọ fún mi. Òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ fún mi, mo sì bá a ṣọ̀tá títí ó fi wọlẹ̀.

Ọ̀sán kan ni, mo ti kán oògùn tán, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan pè mí ní Ìyá Sàlìmọ́tù. Mo wò yíká. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé. Ojú rẹ̀ ni mo rí nínú dígí, ó ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Ó ní tí ojú òun yìí bá fọ́, nǹkan kan wà tó máa bá a lọ, òun ò sì fẹ́ kó bá a lọ. Ló bá tú u sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ náà, wọn ò rí pátákó tí wọ́n máa tò lé ọmọ náà lórí kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹ mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í lo pósí, pátákó la fi ń gba yẹ̀pẹ̀ dúró. Wọ́n rán Kàmọ́rù wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá òun níbẹ̀, òun ti yọ́ jáde nílé Alhaji Búsárì. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí ẹlòmíì gé pátákó ọmọ òun. Ó ní òun mọ gígùn rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n. Ó gé e, ó fági sí i kó má ní ẹ̀gún, ó rù ú, ó bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí apá Àgbóyì, òun fúnra rẹ̀ ló sì tò ó. Ó ní Làmídì bẹ òun pé kí òun padà, òun ò gbọ́. Gbogbo wọn wá búra pé kò sẹ́ni tó máa sọ. Kò tán síbẹ̀ o. Ó ní ọdọọdún lòun ń lọ, tí a bá ti ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tán, òun á ro ibẹ̀, òun á wá jókòó tì í.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń sọ fún mi láwọn ọjọ́ yẹn? Á ní òun ń lọ wo igi ní sọ́míìlì. Tó bá padà dé, ẹrẹ̀ dúdú á wà lára bàtà rẹ̀, ẹrẹ̀ tó ń rùn bí ẹja, màá bi í pé irú sọ́míìlì wo ló ń rùn báyìí, á ní etí omi ni wọ́n ń kó gẹdú sí. Èmi ni mò ń fọ bàtà náà. Lọ́dọọdún. Ẹrẹ̀ ojú oórì ọmọ mi, èmi ni mò ń fi kànrìnkàn ha á dà sínú gọ́tà ní Kétu. Ẹ bá mi wò ó... tí wọ́n bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa ṣe?

Mi ò sunkún. Mi ò pariwo. Mo ṣa ẹ̀wà mi tán. Lẹ́yìn náà mo nawọ́ sábẹ́ bẹ́ńṣì, mo gbé dígí yẹn kúrò. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní ẹni tó ti rí tó, kó sinmi ìran wíwò. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, kódà tá a bá ń jà, mi ò pè é ní ìwọ rí. Lọ́jọ́ yẹn mo pè é ní ìwọ. Ó gbọ́ ọ.

Kékeré ni ìgbẹ̀san mi fi bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ràn ìròyìn orí rédíò, mo pa rédíò. Ẹni tó bá wọlé, mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́, á kàn máa kí ẹsẹ̀ tó ń rí nílẹ̀. Ògì rẹ̀ ò ní ṣúgà mọ́. Ìbéèrè ni mò ń bi í lójoojúmọ́: ta ló gbé orí, ta ló gbé ẹsẹ̀? Ṣé òjò rọ̀? Apá ibo ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí? Ṣé wọ́n ti di irun rẹ̀ tán, àbí ó kù? Tó bá dáhùn tán, màá ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní iwájú ọkọ̀ ni wọ́n gbé e sí, ó ní oòrùn wà lórí omi, ojú ò ṣeé là. Mo ní ìwọ là á, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tó máa ń ṣàwàdà yẹn tún dé, ó tún ní ọkọ mi ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo ní jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kò tíì tó. Ó rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín jáde lọ. Àmọ́ mi ò fi oògùn ojú rẹ̀ ṣeré o. Mò ń kán an bó ṣe yẹ, mò ń di orí rẹ̀ mú kó má ṣì. Mi ò mọ ìdí. Bóyá mo fẹ́ kí ojú náà yè kó lè máa rí ìbínú mi.

Ó wá di ọ̀sán tí mo sọ lókè yẹn. Ọrùn ń dùn ún, ó ní kí n jẹ́ kí òun kúrò lórí bẹ́ńṣì lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi pílò sábẹ́ àyà rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo lọ kírun. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti yí, ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ike tí a fi ń bo ojú náà tó bá fẹ́ sùn kọjú sí àjà, ó ń mí bí ẹni tó ti sùn wọra. Ọwọ́ mi ti nà láti yí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí bàtà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo jókòó sórí àga, mo mú tẹ̀súbà mi. Mo ní lọ́kàn mi pé ìwọ lo fẹ́ máa rí ohun gbogbo, ó yá, máa wo òkè. Mò ń ka tẹ̀súbà, mò ń wo ike yẹn, mò ń ro gáàsì náà bó ṣe ń fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀... inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú mi dùn dé ibi tí ẹ̀rù ara mi ba èmi fúnra mi. Mo ka tẹ̀súbà tán, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ládàánì pe Alásàrí ni mo tó dìde yí i padà. Ó kùn díẹ̀.

Nígbà tá a padà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà tan iná wo inú ojú náà títí. Ó ní ibi púpọ̀ ti mú, àmọ́ etí kan lápá òkè ti tún ń ṣí. Ó bi wá bóyá Bàbá dojú bolẹ̀ dáadáa. Kí n tó mọ ohun tí màá sọ, ọkọ mi ti fèsì. Ó ní dókítà, obìnrin yìí ṣọ́ mi bí adìyẹ ṣe ń ṣọ́ ẹyin. Dókítà gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní ẹ kú iṣẹ́, Mummy, ó ní ìgbà mìíràn ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n á tún un ṣe ní Ọjọ́bọ̀, òróró kan ni wọ́n máa fi sí i lọ́tẹ̀ yìí dípò gáàsì, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí iye ìríran tó máa ṣẹ́ kù. Ó kìlọ̀ pé kó tó di Ọjọ́bọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má rìn jìnnà, kó má gun ọ̀kadà, kó má wọ ohun tó ń gbo èèyàn, nítorí tí ibi tó ń ṣí yẹn bá ya dé àárín, a ti pàdánù ojú náà nìyẹn.

Àárọ̀ yìí ló wá pè mí. Ó ní kí á lọ sí Àgbóyì kó tó di Ọjọ́bọ̀. Mo ní kó júwe ibẹ̀ fún mi, màá fi ẹsẹ̀ ara mi lọ. Ó ní kò ṣeé júwe. Kò sí òkúta, kò sí àmì, igbó ti yí padà, àwọn tó ń wa yanrìn ti tú etí omi ká. Ó ní ibi tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ lèèyàn máa dúró sí, á fojú kan wo ọ̀pẹ méjì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, á máa sún díẹ̀díẹ̀ títí tí èkejì á fi sá sẹ́yìn èkíní, bí wọ́n ṣe ń wo pátákó bóyá ó tọ́. Lẹ́yìn náà á máa rìn lọ tààrà, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀pẹ ẹ̀yìn yẹn yọ. Ó ní ojú òun ló mọ ìgbà tó yẹ kí ẹsẹ̀ dúró, ẹnu òun ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ńkọ́? Làmídì ti kú. Kàmọ́rù já láti orí òrùlé, ó kú. Álúfà Mùdáṣírù lọ sí Mẹ́kà, kò padà. Òun nìkan ló kù, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ní gáàsì náà ti ń kéré sí i, òun ti ń rí díẹ̀ lókè rẹ̀, ó máa tó wo ọ̀pẹ.

Ọmọ wa ọkùnrin ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Láàárọ̀ yìí kan náà ló pè mí lórí fóònù, ó ní èèwọ̀ ni, ìyá kì í rí ojú oórì ọmọ. Mo ní bàbá rẹ̀ rí i, kò kú. Ó ní ojú bàbá òun ńkọ́, Mummy? Mo pa fóònù.

Ohun tó wá gbé mi wá sórí pèéjì yìí nìyí. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù, ọkọ mi ní òun fẹ́ sọ ọ̀kan kún un. Ó ní lọ́jọ́ tóun fẹ̀yìn lélẹ̀ yẹn, òun ò sùn. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ yí ni. Ó ní òun gbọ́ ìgbà tí mo wọlé, òun gbọ́ ìgbà tí mo dúró, òun gbọ́ bí àga ṣe dún. Ó ní nígbà tí tẹ̀súbà mi parí tó tún bẹ̀rẹ̀, òun mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó ní ká ní mo jókòó síbẹ̀ di Màǹgàríbì, òun ò ní yí.

Ẹ rò pé ó yẹ kí àánú ṣe mí? Ìbínú mi ló di méjì. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, mo rò pé èmi ni mo gbà á, àṣé òun ló fi fún mi. Ó tún ti dá a ṣe. Bó ṣe dá gé pátákó, bó ṣe dá lọ sin ọmọ wa, bó ṣe ń dá lọ jókòó tì í lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ló tún ṣe dá jẹ ara rẹ̀ níyà, èmi kàn wà nínú yàrá níbi tí wọ́n ti dì mí mú. Ó wá tún purọ́ fún dókítà nítorí mi, kí n lè máa dúpẹ́. Ṣé èèyàn máa ń gbẹ̀san lára ẹni tó ti nà sílẹ̀ dè é? Ta ni mo wá fìyà jẹ? Mo fẹ́ kó jìyà, ó jẹ ẹ́, kò sì tó mi... kí ló máa tó mi?

Ibi tí mo wà rèé. Tí mo bá mú un lọ, ọ̀nà Àgbóyì lè pa ojú kan tó kù. Tí mo bá ní ó di ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ, tí iṣẹ́ abẹ náà ò wá jẹ́, Sàlìmọ́tù mi ti sọnù lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, kò sí ẹni tó máa fi í hàn mí mọ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Apá kan nínú mi fẹ́ kó jẹ́ pé ojú oórì yẹn ni ohun ìkẹyìn tí ojú rẹ̀ máa rí. Kó rí i, kó rí èmi náà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí òkùnkùn wá dé, kó máa wo àwa méjèèjì nínú òkùnkùn títí ọjọ́ ikú. Apá kejì ń rántí lẹ́búlẹ́bú inú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó mọ gígùn ọmọ mi láìwọ̀n ọ́n. Kò fẹ́ kí ẹ̀gún wà lára pátákó. Mi ò fẹ́ máa rántí ìyẹn, ó ń ba ìbínú mi jẹ́.

Bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ti wọ bàtà. Bàtà tí mo máa ń fọ̀ yẹn. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sorí kọ́, ó ń wo ilẹ̀ bí dókítà ṣe ní kó máa ṣe, kò pè mí, kò kán mi lójú, ó kàn ń dúró. Ọmọ wa ọkùnrin ní òun á dé lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti ṣọ̀fọ̀ ọmọ rí, ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ ń fi nǹkan pamọ́ fún ìyàwó yín, ẹ dá mi lóhùn kí oòrùn tó mú. Ṣé kí n we gèlè mi kí n dì í lọ́wọ́ mú, àbí kí n bọ́ bàtà yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀?